Ọwọ́ Tó Wà Lára Fíìmù

Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni mò ń sọ. Kò tíì rí ojú ọkùnrin yẹn rárá tó ti ń bá a fa ọ̀rọ̀.

Ó ti ró táwẹ̀lì mọ́ àyà, ọṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fẹ́ yára wẹ̀ kó má pẹ́ débi iṣẹ́. Ló bá bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó kàn án. Ohùn ọkùnrin kan dáhùn látinú, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣílẹ̀kùn, inú òkùnkùn lòun wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ta ló ń wẹ̀ nínú òkùnkùn láàárọ̀ yìí? Ohùn yẹn ní òun ò wẹ̀, fíìmù lòun ń kó sínú agolo, tí ìmọ́lẹ̀ bá fi lè kàn án pẹ́nrẹ́n, gbogbo àwòrán inú ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

"Ṣé ẹ̀yin ni ayálégbé tuntun tó wà lẹ́yìn?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n máa ró táwẹ̀lì lọ síbi iṣẹ́ ni."

Ẹni yẹn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń gbìyànjú pé kó má dún. Èmi náà gbọ́ ọ, torí mo ti wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, mò ń dúró kó kàn mí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin gíga kan jáde, ó gbá agolo dúdú kan tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀ mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Ó kí wa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú balùwẹ̀, ó da omi oògùn kan sínú agolo, ó dé e, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Á dorí ẹ̀ kodò, á dá a padà, á rọra gbá ìdí ẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì, á gbé e kalẹ̀, á máa wò ó. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í, tòun tọṣẹ lọ́wọ́. Ó pẹ́ débi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sọ ìdí tó fi pẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí kí n má baà máa sáré. Bàbá wa ló kọ́ ọ kó tó kú. Màmá wa, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi la wà níwájú, ayálégbé wà lẹ́yìn, balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò. Onífọ́tò yìí wá gba yàrá tó wà lẹ́yìn, ó sì bẹ màmá wa pé kí wọ́n jẹ́ kóun ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé balùwẹ̀ torí fíìmù òun. Màmá ní kó ta á. Wọ́n rò pé ọjọ́ kan lásán ni.

Aṣọ yẹn ò kúrò mọ́ o. Ìgbà tó yá, Màmá ò pe ọkùnrin yẹn ní orúkọ kankan mọ́ ju Ọ̀gbẹ́ni Balùwẹ̀ lọ. Wọ́n á ní, "Ẹ bá mi wo Ọ̀gbẹ́ni Balùwẹ̀ bóyá ó ti bímọ tán, mo fẹ́ wẹ̀."

Iṣẹ́ fọ́tò tó fi ń jẹun, kámẹ́rà ayé òde òní ló fi ń ṣe é. Ó ń ya ọmọ iléèwé, ó ń ya pásípọ́ọ̀tù. Àmọ́ ti fíìmù yìí, ti ìfẹ́ inú ẹ̀ ni. Aláwọ̀ dúdú àti funfun nìkan ló ń yà, ọwọ́ ara ẹ̀ ló sì fi ń fọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀, ṣọ́ọ̀bù oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún àwọn tó wá ra oògùn olómi: ẹ mì ín dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu débi pé, ó lè gbé wàrà fún èèyàn nílé kó ní kó mì ín dáadáa.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lọ́jọ́ tí onífọ́tò kọ́kọ́ gbé agolo lé e lọ́wọ́, tó ní kó bá òun yí i, ẹ̀gbọ́n mi mì í bí ìgò oògùn ikọ́. Ó mì í títí omi fi ń ta jáde lẹ́nu ìdérí. Onífọ́tò kàn la ẹnu sílẹ̀.

Àwòrán màmá wa ló pọ̀ jù nínú fíìmù yẹn. Nígbà tó jáde, ojú Màmá funfun bí ẹni tó dojú dé àwo ìyẹ̀fun, irun wọn dúdú kirikiri, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì tò sí etí fọ́tò lókè àti nísàlẹ̀ bí eyín òòyà. Màmá wò ó, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé òkú yìí kúrò níwájú àwọn, àwọn ò tíì kú.

Onífọ́tò ò bínú rárá. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó ń ṣàlàyé. Ó ní oògùn tó bá ti ṣiṣẹ́ tán lára fíìmù ti rẹ̀, kò lágbára mọ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́bẹ̀ ni. Èèyàn á wá yí agolo kí oògùn tó ṣì lágbára lè rọ́pò ẹ̀. Tí ò bá yí i, àwòrán á rọ, kò ní hàn dáadáa. Tó bá wá ń mì í jàgàjàgà, omi á máa sáré gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà létí fíìmù kọjá, ibi tó bá sì ti sáré kọjá ló ń fa ìlà sí. Ìyẹn ni òòyà tí Màmá rí.

Ó ní, "Rọra. Bí ìgbà tó o bá ń yí ọmọ tó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. O fẹ́ kó yí, o ò fẹ́ kó jí."

Mo gbọ́ "o" yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbọ́ ọ. Àná ni wọ́n ṣì ń pe ara wọn ní ẹ.

Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń wà lórí bẹ́ǹṣì nìyẹn. Ó sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Mì-ín-Dáadáa. Tó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ṣe bíi pé ó ń bínú, etí ẹnu ẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ ọ lóòótọ́ o. Àmọ́ ọwọ́ èèyàn ò ṣeé fi pa mọ́. Tí wọ́n bá so fíìmù méjì kọ́ sórí okùn nínú balùwẹ̀, wọ́n mọ èyí tí kálukú fọ̀. Ti onífọ́tò, ojú ọ̀run inú àwòrán á dán láti etí dé etí. Ti ẹ̀gbọ́n mi, eyín òòyà kékeré kan á ṣì yọ ní kọ̀rọ̀. Onífọ́tò á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á ní, "Ọwọ́ ìfẹ́ mi rèé. Mo lè mọ̀ ọ́n láàárín ọwọ́ gbogbo ayé."

Nígbà tó sọ fún Màmá pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, Màmá bi í pé ẹni tí ò ní balùwẹ̀ tiẹ̀, ibo ló fẹ́ kó ìyàwó wẹ̀? Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ní fóònù lọ́wọ́, ta ló tún ń wá onífọ́tò? Wọ́n ní àwọn ò rí ẹbí ẹ̀ kankan kó wá kí i rí. Ó dáhùn gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní bàbá òun ti kú, màmá òun náà ti kú, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló kù. Kò sọ ohun tó pa wọ́n. A ò sì bi í.

Màmá bá ẹ̀gbọ́n mi fà á títí, ó sú wọn. Wọ́n ní ó dáa, kó mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn lọ́jọ́ yẹn, ó ń jí mi ṣáá láti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí òjò tó dáwọ́ dúró ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ balùwẹ̀, ó rí fíìmù tuntun lórí okùn. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Eyín òòyà kún etí ẹ̀. Ó pè mí, ó ní ṣé èmi ni mo yí i? Mo ní ó mọ̀ pé mi ò kì í fọwọ́ kan nǹkan wọn. Ó dá fíìmù padà sórí okùn. Kò pẹ́ sígbà yẹn, òmíì tún jáde, èyí tiẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó fọ̀ ọ́ ò mọ ìyí rárá. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ó mọ ọwọ́ ọkùnrin yìí, ó mọ ọwọ́ tiẹ̀. Ọwọ́ kẹta rèé nínú agolo. Kí lẹ máa rò?

Mò ń ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé nígbà tó lọ bá a. Kò pariwo. Ó na fíìmù yẹn sí i.

"Ta lò ń kọ́?"

"Kí lo rí tó o fi bi mí bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ ọwọ́ rẹ. Èyí kì í ṣe tìẹ, kì í sì í ṣe tèmi."

Onífọ́tò wo fíìmù yẹn, ó wò ó pẹ́. Ó wá ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Mo rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ro nǹkan kan sí i.

Ó ní, "Ọwọ́ ẹlòmíì ni."

"Obìnrin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi fa fíìmù yẹn sẹ́yìn, ó rọra ká a kó má baà ha, bó ṣe kọ́ ọ gan-an, ó mú un dání wọlé. Ó kó o sínú àpótí aṣọ. Ó ní ẹ̀rí ni.

Ní tòótọ́, inú Màmá kọ́kọ́ dùn. Wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́. Àmọ́ ìdùnnú yẹn ò tọ́jọ́, torí ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun mọ́. Ọ̀gá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tiẹ̀ sọ fún mi pé, tó bá ti di oògùn olómi fún èèyàn tán, ó kàn ń nà án sí wọn ni, kì í ní kí wọ́n mì ín mọ́.

Onífọ́tò ní òun fẹ́ kó jáde. Màmá lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n tún aṣọ ró, wọ́n ti to gbogbo èébú tí wọ́n fẹ́ bú u sẹ́nu. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n jókòó sí pálọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n bú u. Wọ́n ní kí n lọ wá nǹkan ṣe.

Ó lọ. Yàrá ẹ̀yìn ṣófo. Aṣọ dúdú ṣì wà lójú fèrèsé balùwẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí yọ ọ́. Màmá á wo ẹ̀gbọ́n mi bíi pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á tún béèrè ibi tí ìgbálẹ̀ wà.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń fọ abọ́. Màmá dúró lẹ́yìn ẹ̀.

"Kò sí obìnrin kankan," wọ́n ní.

Ẹ̀gbọ́n mi ò yíjú.

"Ó bu omi fún mi lọ́jọ́ tí mo lọ gba kọ́kọ́rọ́. Kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, omi ti tán nínú ife. Gbogbo ẹ̀ wà nílẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ mi. Kò lè mú un dúró. Ọwọ́ ara ẹ̀ lo rí lára fíìmù yẹn."

Màmá wá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àìsàn tó pa bàbá ẹ̀ ni. Ọwọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á dé apá, á dé ẹsẹ̀, á dé ọ̀fun. Màmá ẹ̀ ló tọ́jú bàbá ẹ̀ títí tí òun náà fi wó lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Onífọ́tò mọ àìsàn yẹn lójú, ó rí i tó dé sára òun náà. Ó bẹ Màmá pé kí wọ́n má sọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kórìíra mi, Màmá. Ìkórìíra á tètè tán lára ẹ̀ ju ìtọ́jú lọ."

Ẹ wò ó, Màmá lè dákẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ látọjọ́ yìí ti bọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Wọ́n sọ pé àwọn gbìyànjú àtidákẹ́, àmọ́ ojú ọmọ àwọn ò jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́. Ó ní, "Ọwọ́ ara ẹ̀." Ó tún un sọ, bí ẹni tó ń ka orúkọ oògùn tí ò rí rí. Ó wá bọ́ síta pẹ̀lú sálúbàtà ilé. Màmá ní kí n tẹ̀ lé e.

Ilé ẹ̀gbọ́n onífọ́tò la ti bá a, yàrá kan tó kọjú sí ọ̀nà, àwọn ọmọ ilé ń ta bọ́ọ̀lù lábẹ́ fèrèsé. Nígbà tó rí wa, ó tún fẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ yẹn mú kó tó dé ibẹ̀. Mo rí bó ṣe ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú ọwọ́ ẹ̀, bí ẹyẹ tí wọ́n mú.

"O parọ́ fún mi."

"Mo parọ́."

"Ṣé o rò pé mi ò lè tọ́jú rẹ ni?"

"Mo mọ̀ pé o lè tọ́jú mi. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù."

Mo jáde lọ wo àwọn ọmọ tó ń ta bọ́ọ̀lù. Mi ò rí bọ́ọ̀lù kankan, omi ti bò mí lójú.

Pálọ̀ wa ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Àwa díẹ̀ ni. Màmá bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ kó tó dọjọ́ náà, wọ́n ní ó ṣì lè padà sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti rò ó. Màmá bá kó kúrò nínú yàrá tiwọn, wọ́n fi fún tọkọtaya, torí òun ló sún mọ́ balùwẹ̀ jù. Látọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ Ọ̀gbẹ́ni Balùwẹ̀ lẹ́nu wọn mọ́. Ọkọ ọmọ mi ni wọ́n ń pè é.

Ìgbà kan wà tó dùn o. Ẹ̀gbọ́n mi wá di ọwọ́ fún ọkọ ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo aago, á ní, "Ó yá, yí i," ẹ̀gbọ́n mi á yí i. Eyín òòyà inú kọ̀rọ̀ yẹn fi í sílẹ̀ pátápátá lásìkò yẹn. Fíìmù ẹ̀ wá ń dán bíi ti ọkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ mọ́.

Àìsàn yẹn ò dúró. Ó dé apá. Ó dé ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó di kí a tẹ́tí ká tó gbọ́ ọ.

Fíìmù tó gbẹ̀yìn, òun fúnra ẹ̀ ló yà á, èmi ni mo bá a di kámẹ́rà mú. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi ró táwẹ̀lì mọ́ àyà, kó mú ọṣẹ dání, kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ yẹn inú lòun wà, òun ò rí i bó ṣe kan ilẹ̀kùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá ní kí wọ́n má gbàgbé pé àwọn náà fẹ́ wẹ̀.

Nígbà tó di fífọ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi má yí èyí. Ọ̀nà kan wà, ó ní, tó jẹ́ pé wọ́n á bomi la oògùn gan-an, wọ́n á yí agolo lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á gbé e kalẹ̀ fún bíi wákàtí kan, fíìmù á fọ ara ẹ̀. Òun ò fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ọwọ́ òun ò mọ̀ ọ́n jókòó. Ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ìyẹn.

Agolo wà láàárín wọn lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ ọkọ ẹ̀ lé ìdérí, ó sì gbé ọwọ́ ti ara ẹ̀ lé e lórí, kó lè dúró jẹ́ẹ́. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Oòrùn sún kúrò lẹ́sẹ̀ wọn bọ́ sára ògiri. Ó pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé agolo yẹn wò, bó ṣe mọ́ ọn lára.

"Mì-ín-Dáadáa," ọkọ ẹ̀ ní. Ó mí. "Má mì ín."

Ẹ̀gbọ́n mi fi í sílẹ̀.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀ ni ọlọ́jọ́ dé bá ọkọ ẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ nípa ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún lójú wa. Ó padà síbi iṣẹ́, ó ń jẹun tá a bá gbé e síwájú ẹ̀. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, mo gbọ́ ariwo omi nínú balùwẹ̀, kì í ṣe ariwo omi ìwẹ̀. Agolo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń mì í. Ó ń mì í lọ́tùn-ún lósì, á fà á lójijì, á tún fà á, bí ìgbà tí ọwọ́ èèyàn ò bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ojú ẹ̀ dúró sójú kan. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó.

Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó lọ mú fíìmù tó kó sínú àpótí aṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n jà, èyí tó pè ní ẹ̀rí. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé pálọ̀, ó lẹ tuntun tó ṣì tutù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Eyín òòyà wà lára méjèèjì.

"Ṣé ó jọ ọwọ́ ẹ̀?" ó bi mí.

Mo wò ó dáadáa. Mo fẹ́ kó jọ ọ́. Mo fẹ́ parọ́.

"Kò jọ ọ́," òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. "Ọwọ́ tèmi ni."

Ìgbà yẹn ló sunkún. Ó fi orí ti gíláàsì yẹn, ó sunkún bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Màmá gbọ́, wọ́n wá. Wọn ò ní kó dákẹ́. Wọ́n rọra ṣí fíìmù tó tutù yẹn lára fèrèsé, wọ́n fi ìka méjì di etí ẹ̀ mú bí wọ́n ṣe máa ń rí ọkọ ọmọ wọn tó ń ṣe é, wọ́n gbé e lọ sí balùwẹ̀, wọ́n sì so ó kọ́ sórí okùn kó lè gbẹ.

Mo tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ ṣókùnkùn bó ṣe máa ń ṣókùnkùn. Mo ní, Màmá, ẹ jẹ́ kí n kúkú yọ aṣọ dúdú ojú fèrèsé yìí, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé.

Wọ́n ní kí n fi í síbẹ̀.

Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di báyìí. Inú òkùnkùn la ti ń wẹ̀ nílé wa, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn.